Ta Ni Yóò Sanwó Oògùn Baba Aláṣọ Òfì?

Ní Ìsẹ́yìn, baba lè fi ogójì ọdún jókòó sídìí òfì láìní ọ̀gá kankan ju oníbàárà lọ. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún un, kò sì sẹ́ni tí yóò san owó ìfẹ̀yìntì fún un lọ́jọ́ tí ojú bá di bàìbàì, tí ìdí kò sì gba ìjókòó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ tábà tó wà létí ìlú. Àwọn ọmọ ni ìfẹ̀yìntì wọn. Àjọ àti èsúsú wà lóòótọ́, ẹgbẹ́ náà wà, ṣùgbọ́n ìyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà ni owó wọ̀nyí mọ̀ jù. Àìsàn kì í dájọ́. Èyí tó tún burú jù ni pé ọjọ́ tí ahunṣọ bá kúrò nídìí òfì ni owó àjọ rẹ̀ dáwọ́ dúró, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba kò tètè rí àgbà. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ gbé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láàárín ọdún 1952 sí 1959, àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 18 lọ ló wà fún. Ní 1962, Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ètò ìlera, gbé àbá adójútòfò ìlera fún Èkó wá sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àbá náà kò bí nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà dá Medicare sílẹ̀ fún ẹni ọdún 65 sókè.

Gómìnà Bọ́lá Ìgè ló kọ́kọ́ ṣe ohun tó kan àgbà Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ìsẹ́yìn wà. Láti 1979, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà nínú ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN fi ń ṣèjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí. Ó dára, ṣùgbọ́n àpò ìjọba nìkan ló gbé e dúró. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, kò pẹ́ tí aláìsàn fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀.

Òfin adójútòfò ìlera jáde ní 1999, ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà 2005, láyé Ọbásanjọ́, ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, torí a lè yọ tiwọn lára owó oṣù. Ta ni ètò náà bò? Òṣìṣẹ́, aya tàbí ọkọ kan, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹni tó ṣètò yìí kò mọ ilé Yorùbá! Ìyá kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn ń san ìdá mẹ́wàá owó oògùn tirẹ̀, kó tó wá fi owó oògùn ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn lódindi, àfi tó bá tún san àfikún láti forúkọ ìyá sílẹ̀.

Òfin ìlera 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera. 2018 ni owó náà tó wọ inú ìṣirò ọdún. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ wà fún adójútòfò àwọn tálákà, nílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Láyé Gómìnà Ajímọ̀bi, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá àjọ adójútòfò tirẹ̀ sílẹ̀, OYSHIA, níbi tí ẹni tí kò gba owó oṣù ti lè san owó ọdún kan. Ọmọ tó wà ní London lè san án fún bàbá. Ilé ìwòsàn tí a bá mú lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ̀wé ránni lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀pọ̀ àgbà kì í gbọ́ èyí títí di ọjọ́ àìsàn.

Ní oṣù Karùn-ún 2022 ni òfin tuntun sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì ka àwọn àgbà mọ́ àwọn tí owó àkànṣe ìjọba yóò ràn lọ́wọ́. Dandan rọrùn fún ẹni tí wọ́n lè yọ owó rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ti ahunṣọ yàtọ̀: ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá a dé agbo ilé, kí ó kọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, torí ọdún kan péré ni owó tó san ń gbé.