Òfurufú Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ Nínú Ìtàn Ìmọ̀ Rédíò

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: òfurufú tí ó bo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ìṣe tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì wọ̀n ọ́n kò lè sọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1924 ni Edward Appleton fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìpele kan wà lókè tí ń dá ìgbì rédíò padà sí ilẹ̀. Ayónósífíà ni orúkọ rẹ̀. Ìtànṣán oòrùn ni ó ń fi agbára iná sínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ní 1946, Appleton kan náà kíyè sí i pé ìpele yìí fúyẹ́ lórí ìlà agbedeméjì òòfà ayé, ó sì ki ní àríwá àti gúúsù rẹ̀. Lónìí a mọ ìdí rẹ̀: lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ oníná náà a máa ru sókè lórí ìlà yìí, a sì dà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí omi ìsun. Ìlà náà gba òkè ọya Nàìjíríà kọjá. Òkìtìpupa kò jìnnà sí i ní gúúsù.

Ní 1951, ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìgbì rédíò sókè, tí ó sì ń ka àkókò tí ìgbì náà fi padà. Èyí tí ó bá padà láti 300 kìlómítà kò lò ju ìdá 2 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Oṣù Keje 1957 dé Oṣù Kejìlá 1958, tí gbogbo àgbáyé pawọ́ pọ̀ wádìí ayé àti oòrùn, Ìbàdàn wà lára àwọn ibùdó náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Agodi Onwumechili sì wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ ṣèwádìí agbára iná tí ń ṣàn lókè ìlà òòfà yìí.

Iṣẹ́ tèmi ni láti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ìṣe ayónósífíà. Àkọsílẹ̀ òkèèrè ni ó pọ̀ jù nínú ìṣirò tí gbogbo ayé ń lò. Ti Áfíríkà kéré. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí oòrùn bá ti wọ̀, pàápàá ní àyíká Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹsàn-án, ihò a máa ṣí nínú ayónósífíà tiwa, ìgbì sátẹ́láìtì tí ń tọ́ ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi sọ́nà a sì máa gbọ̀n.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ń gbé inú ilé ni ó mọ ibi tí ó ti ń jò. Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgàgù wà ní Òkìtìpupa, lábẹ́ òfurufú yìí gan-an. Nǹkan bí ọdún 11 ni oòrùn fi ń yí ìṣe rẹ̀ po. Àkọsílẹ̀ ọdún kan tàbí méjì kò tó. Sùúrù àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ni ó mú kí ayé gbọ́ ti Ìbàdàn. Bí a kò bá ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa fi òfurufú tiwọn ṣírò tiwa.