Ọjọ́bọ̀ Kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Kí Bàálù Tó Gbéra

Aago 5:30 ìdájí

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wẹ̀, ó ti múra, ó sì ti yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò lórí fóònù. Owó náà pé. Nọ́ọ̀sì ni, ilé ìwòsàn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á síṣẹ́, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yóò sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ọkọ. Òfin físà ibẹ̀ ní kí ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ fi pọ́n-ùn 1,270 hàn, kí ẹnìkejì rẹ̀ fi 285 hàn, kí owó náà sì jókòó ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Bó bá dín lọ́jọ́ kan péré, a ó tún bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, pọ́n-ùn kan ti kọjá náírà 2,000, nítorí náà owó yẹn lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Gbogbo ẹbí gbọ́ pé owó wà. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Èyí tó ṣeé ná fún ìgbéyàwó, náírà 350,000 ni, ó sì wà nínú àpò tó so mọ́ra.

Ìwé tó ń kọ ìnáwó sí, àwọn ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àti ohun tí mo fojú ara mi rí lọ́sàn-án, ni mo fi kó ọjọ́ náà jọ.

Aago 6:45

Dáńfó gba orí afárá Carter já sí Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ti ń dúró dè é. Wọ́n tètè dé nítorí pé oníṣòwò tí kò tíì tà kì í fẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ tó yà sí ìsọ̀ òun lọ lọ́wọ́ òfo.

Aago 7:10, Òkè-Àrìn

Ẹrù ìdána, ẹbí ọkọ ló ń rà á. Ìwé tí ìdílé wa kọ béèrè iṣu 42, orógbó 42, obì 42, ataare, oyin, iyọ̀, ṣúgà, àpò ìrẹsì, ẹja, àpótí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ kà á tán, ó pa ìwé náà dé. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká ra èyí tí wọ́n máa fi wúre ná. Ìyókù, ẹ lọ bá àwọn bàbá yín sọ ọ́.” Obìnrin ọlọ́gbọ́n ni. Oyin, iyọ̀, ṣúgà àti ataare wọ inú báàgì kan ṣoṣo. Wọn ò tilẹ̀ nílò alábàárù.

Wọ́n yà sí Jáńkárà fún ìlẹ̀kẹ̀. Èyí kò gba àkókò: wọ́n yá ti ìyàwó, wọ́n ra ti ọkọ.

Aago 9:00, Gbájúmọ̀

Ibí ni ọjọ́ náà ti le. Àwọn àǹtí ti fẹnu kò sórí léèsì fún aṣọ ẹbí. Gbogbo ẹni tó bá ti ná ọjà ní Gbájúmọ̀ mọ̀ pé léèsì tó ń dán lójú kò mọ ẹni tó ń lọ ìlú Òyìnbó. Ọmọ wa dúró níwájú ìsọ̀ kan, ó fọwọ́ pa aṣọ, kò sọ̀rọ̀.

“Ìyàwó mi, èló lẹ mú wá?” Ìyá aláṣọ ti dá a mọ̀ lójú.

“Màámi, ẹ má wo ti léèsì mọ́. Àǹkàrá ni kí ẹ fi hàn mí, èyí tí ìdílé méjèèjì lè wọ̀.”

Wọ́n ná an títí. Ó gba àǹkàrá aláwọ̀ búlúù, ọ̀kan náà fún ìdílé ọkọ àti ìdílé ìyàwó, fìlà àti gèlè nìkan ni wọn yóò fi yàtọ̀. Nínú owó tó kù, ó fi nǹkan bí ìdajì ra aṣọ òkè fún ara rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀, ojúlówó tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn. Àwọn kan yóò bá a wí pé ó fi ẹbí sílẹ̀ ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Èmi kò bá wọn wí i. Báàgì kílò 23 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ń gbà. Kúlà àti abọ́ tí a ń pín fún àlejò kò ní dé ọ̀hún. Aṣọ òkè yóò dé, yóò sì pẹ́ kí ẹlòmíràn tó tún wọ irú rẹ̀ ní àdúgbò wọn.

Aago 11:00, Ìkòyí

Ó yà sí ilé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó láti mọ ọjọ́ tó kù. Òfin ní kí ìkéde wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 21, kí wọ́n sì so yìgì kí oṣù mẹ́ta tó pé. Níwájú akọ̀wé ìgbéyàwó, láàárín aago 10 àárọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Kò béèrè gbọ̀ngàn, kò béèrè ìlù.

Ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ọkọ lè bá a lọ, ẹ̀rù pé òfin físà lè yí padà sì ń bà wọ́n. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró láti mú ọkọ tàbí aya dání. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta, ó kan àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Nọ́ọ̀sì ṣì láǹfààní náà. Ẹni tó bá rí irú èyí kò lè sọ pé ká sún ìgbéyàwó di ọdún tó ń bọ̀, ìgbà tí owó bá pọ̀.

Aago 1:15, agboolé wa

Ibẹ̀ ni mo ti bá a, lẹ́yìn Ẹnu Ọwá, kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànrán. Ó kúnlẹ̀. Bàbá, àbúrò bàbá bàbá rẹ̀, ti gbọ́ nípa àǹkàrá.

“Wọ́n á gbé ìyàwó ní Ìsàlẹ̀ Èkó láìta kánópì sí títì? Ṣé kí wọ́n máa rò pé a ò lẹ́nìyàn ni?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Owó tí ẹ gbọ́ pé ó wà ní báńkì, bí mo bá yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀, wọn ò ní fún wa ní físà.”

Bàbá dákẹ́. Ọmọ wa ṣàlàyé ọjọ́ 28 fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, Alhaja, ìyá tó dàgbà jù nílé, ló dá sí i. Ó gba ìwé ẹrù, ó ní kí n kà á sókè.

“Iṣu méjìlélógójì. Ta ló máa jẹ ẹ́? Àbí ó máa kó iṣu wọ bàálù ni? Ẹ kọ méjìlá síbẹ̀. Ẹ pa ìrẹsì rẹ́. Owó orí, a máa dá a padà fún wọn bí a ti ń ṣe, a kì í ta ọmọ. Orógbó àti obì, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Bàbá ní kí kánópì jẹ́ ẹyọ kan, kó wà nínú ọgbà. Àbúrò mi obìnrin gbà láti ṣe alága ìjókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Gbèsè tí tọkọtaya bá gbé wọ bàálù kì í dúró ní Èkó dè wọ́n, inú owó oṣù àkọ́kọ́ ni yóò ti máa jẹ.

Aago 3:30, Marina

A jọ rìn dé ibùdókọ̀ CMS. Mo sọ fún un nípa James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó tó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní Brighton ní oṣù Kẹjọ ọdún 1862, tí wọ́n sì wá fi Èkó ṣe ilé. Òkun kan náà ni, tiwọn ń bọ̀, tiwa ń lọ. Ó ní wọ́n lówó. Òótọ́ ni.

Aago 9:00 alẹ́

Ó ka owó tó kù, ó yọ ti onífọ́tò sọ́tọ̀. Ọkọ rẹ̀ pe Alhaja láti dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí gbogbo ẹbí: yìgì ní Ọjọ́bọ̀, ìdána ní Sátidé aago 11 nínú agboolé, àǹkàrá búlúù, kò sí ẹ̀bùn pínpín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Àǹtí tó yarí jù lórí léèsì ló kọ́kọ́ kọ̀wé padà, ó ń béèrè télọ̀ tó lè bá òun rán àǹkàrá náà kíákíá.