Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Àwọn Tó Ń Kọ́ Nọ́ọ̀sì, Láti Ìbàdàn Títí Dé Ìbíní

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan níbí ní Iyaro fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, ó ku ọdún kan kó parí. Ó ní, "Bọ̀dá, ọmọ yìí ní òun ò lọ sí London, òun ò sì fẹ́ ṣiṣẹ́ wọ́ọ̀dù títí ayé. Ó ní kí òun máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lòun fẹ́. Ṣé iṣẹ́ tó ń jẹun nìyẹn?" Mo ní iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ó ní ìtàn. Ìtàn náà ni mo jókòó kọ yìí, torí kì í ṣe ọmọ tiẹ̀ nìkan ló kàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Láyé àtijọ́, inú ọsibítù ni wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe yunifásítì. Ọdún 1947 ni òfin dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tó di 1952, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń kọ́ wọn níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tútọ̀. Tútọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì ni kó tó di olùkọ́. Àárọ̀ ló máa kọ́ ọ ní kíláàsì, tó bá dọ̀sán, á dúró tì ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Tún un ṣe kí n rí i."

Ẹnì kan wà tí gbogbo wa gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀: Ìyáàfin Kofowórọlá Àbẹ̀ní Pratt. Tíṣà ni ìyá yìí kó tó di nọ́ọ̀sì, ó kọ́ni ní CMS Girls' School ní Èkó. Ọdún 1946 ló lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital ní London, ní ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀. Nígbà tó di 1964, ó di mátírọ́nù UCH, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Ní 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ọwọ́ ìyá yìí náà sì wà nínú ẹ̀.

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fọkàn bá mi lọ. Kí ni wọ́n dá ẹ̀ka ti 1965 yẹn sílẹ̀ fún? Kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé àṣẹ, tó ti mọ wọ́ọ̀dù dáadáa, ni wọ́n ń mú wọlé, kó lè jáde pẹ̀lú dìgírì, kó lọ di tútọ̀ tàbí ọ̀gá nínú ọsibítù. Ìyẹn ni pé olùkọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yìn náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, tí ọmọ sẹ́kọ́ńdírì fi lè wọlé tààrà kọ́ nọ́ọ̀sì gba dìgírì. Ní Ìbàdàn kan náà ni Elfrida Adebo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Tiwa níbí ńkọ́? Ọdún 1970 ni wọ́n dá UNIBEN sílẹ̀, ọdún 1973 ni UBTH ṣí ní Ugbowo. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ ní Iyaro, tẹ́ ẹ kọjá Uselu, ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ò tíì gba ọ̀nà yẹn lọ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́?

Wàyí o, níbo ni wàhálà wà? Nígbà tí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ yunifásítì, òfin yunifásítì ló bá níbẹ̀. Àkàbà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Graduate Assistant, Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó kan Professor. Kó o tó gun òkè, wọ́n á bi ọ́ ní PhD, wọ́n á ka ìwé ìwádìí tó o tẹ̀ jáde. Wọ́n á bèèrè bó o ṣe ń kọ́ni o, àmọ́ ìwé yẹn ló máa ń wúwo jù lórí ìwọ̀n. Tútọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọsibítù, àkàbà tiẹ̀ yàtọ̀, owó oṣù tiẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fò láti ìkan sí ìkejì, ó lè já bọ́ sáàárín.

Mo rí i nínú ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣe tútọ̀ fún ọdún 19 kó tó bọ́ sí yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi í sí, bí ẹni pé ọdún 19 yẹn ò sí. Àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ ti ní PhD, wọ́n di ọ̀gá rẹ̀. Kò bínú sí wọn, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Lecturer I ló wà tó fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń dágbére fún un, àwọn nọ́ọ̀sì tó wá, àga ò gbà wọ́n.

Ṣé ibòmíì náà rí bẹ́ẹ̀? Ní Bìrìtéènì, láti 1989 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kúrò lábẹ́ ọsibítù. Láti 2013, dìgírì nìkan ni wọ́n fi ń wọṣẹ́ ní England. Àwọn tútọ̀ àtijọ́ di lékító. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀, wọ́n ya àkàbà kejì sọ́tọ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ kíkọ́ni, wọ́n sì lè gùn ún di ọ̀jọ̀gbọ́n. Amẹ́ríkà náà ní irú ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe oyin nìkan: níbẹ̀, ẹni tó wà lórí àkàbà kíkọ́ni sábà máa ń bá wọn tọwọ́ bọ̀wé ọdún díẹ̀díẹ̀ ni, nígbà tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣèwádìí lè ní iṣẹ́ tí wọn ò lè ṣàdédé gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìwádìí dára, òun ló ń sọ fún wa pé oògùn yìí ṣiṣẹ́, ọ̀nà yìí ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè dúró ti ọmọ ogún ọdún títí tí ọwọ́ rẹ̀ ò fi ní gbọ̀n mọ́, ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní 1965.

Ohun tí mo sọ fún ìyá yẹn nìyí. Kí ọmọ parí ọdún márùn-ún, kó ṣe íńtáǹṣíípù àti NYSC. Kó má jẹ́ kí máásítà pẹ́ o, torí PhD ṣì ń dúró de èèyàn lókè. Kó tó gba iṣẹ́ olùkọ́ níbikíbi, kó bèèrè: àkàbà wo ni ẹ máa gbé mi sí? Ṣé ẹ máa ka ọdún tí mo ti ṣe? Kó gbà á ní ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Kó má sì fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ pátápátá, torí ohun tí ò sí lọ́wọ́ ẹni, a ò lè fi kọ́ ẹlòmíì.

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nígbà náà, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ." Mo ní rárá o, Mà. Ẹni tó gbẹ̀bí ọmọ rẹ lánàá, ẹnì kan ló kọ́ ọ. Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ yín. Ire o.