Àwa Náà Rán Tiwa Lọ Sókè Òkun

Ó ti pẹ́ tí òyìnbó ti ń wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àwa náà dá Technical Aid Corps sílẹ̀. Tíṣà, dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ń lọ fún ọdún méjì sí Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì. Nàìjíríà ń san àjẹmọ́nú. Ìlú tó gbà wọ́n ń pèsè ilé.

Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù. Ẹni tó ní ọ̀gá méjì wá ńkọ́? Bí ọ̀kan bá jáfara, àlejò nìyà ń jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dọ̀gá, kí òṣìṣẹ́ yín tó gbéra, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò sanwó, ta ni yóò pèsè ilé, iṣẹ́ wo ló máa padà wá bá?