GoPro Karma
GoPro Karma jẹ́ drone, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tí ilé-iṣẹ́ GoPro ti Amẹ́ríkà ṣe fún yíya fídíò láti òkè. Ó dé ọjà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Kò pẹ́ tí iná àwọn kan fi ń kú lójijì lójú òfuurufú, nítorí ohun tó di bátìrì mú kò dúró dáadáa. Drone tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dákẹ́ kò lè rá bàbà bí ẹyẹ. Ńṣe ló máa já lulẹ̀ bí òkúta, ewu ńlá sì ni fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, GoPro ní kí àwọn oníbàárà dá nǹkan bí 2,500 padà, kí wọ́n sì gba owó wọn. Karma padà sọ́jà ní oṣù Kejì ọdún 2017.