Kẹ̀kẹ́ Ṣì Wà Nínú Òfin

Tá a bá gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ṣágámù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá: "Ṣé mọ́tò yín bà jẹ́ ni?" Lójú wọn, tálákà ló ń gun kẹ̀kẹ́.

Láyé àwọn bàbá wa àgbà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham, gbajúmọ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ yẹn náà ló ń gbé obì gbànja láti oko wá sọ́jà.

Ní 1978, wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gba ẹ̀bá Ṣágámù. Mọ́tò pọ̀ sí i, ọ̀kadà náà dé, kò sì sẹ́ni tó ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Àwa tá à ń gùn ún fún ìgbádùn ń bá tírélà du etí títì.

Òfin ò kúkú gbàgbé kẹ̀kẹ́. Nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti fún kẹ̀kẹ́, báró àti ọmọlanke ní láísẹ́ǹsì. Ìjọba tó láṣẹ láti gbowó lórí kẹ̀kẹ́, ṣé kò lè kun ìlà kan sí etí títì fún wa ni?