Okomfo Anokye: Ẹni tó lọ wá oògùn ikú, àti ilé ìwòsàn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Kumasi

Idà kan wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn Komfo Anokye ní Kumasi, Ghana. Àwọn Asante gbà pé Okomfo Anokye, àwòrò ìgbà ọba Osei Tutu, ló rì í síbẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní àwòrò yìí lọ wá oògùn ikú, ó sì kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má sunkún òun. Ara ẹbí ò gbà á, wọ́n sunkún. Kò padà wá mọ́.

Ọdún 1955 ni ilé ìwòsàn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó di ti ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní 1975. Títí di òní, oògùn ikú ò sí. Bí àìsàn bá wá kọjá ìwòsàn, ta ni kí dókítà sọ fún?

Ẹbí a máa bẹ̀bẹ̀ pé kó má sọ fún aláìsàn, kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn, tó wà nínú òfin ìlera Ghana ti 2012, ní aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe é, àfi nígbà pàjáwìrì tí kò bá lè dá ìpinnu ṣe.

Ẹni tó mọ̀ pé àsìkò òun ti ń tó lè pe ọmọ jọ, kó pín ogún, kó parí ìjà. Ẹni tí wọ́n fi pamọ́ fún kì í rí àyè bẹ́ẹ̀.